Alárinà Ìbéèrè

Ìwé kan wà nínú bàtà òsì mi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí n tó mọ̀, ni mo bá yọ ẹsẹ̀ jáde, mo gbọn bàtà ròbà náà lójú gbogbo ilé bí ẹni pé nǹkan ló há sí i, mo sì ti ká ìwé náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Mo gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Ní gbogbo Òkè-Omi, ibẹ̀ nìkan ni òfin fi sílẹ̀ fún wa tí kò ní etí lára ògiri.

Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi kọ ọ́, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe kí n má baà dá ìkọ̀wé wọn mọ̀. Ó ní nǹkan oṣù òun ti pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ẹ̀jẹ̀ dúdú díẹ̀díẹ̀ ń yọ, ìsàlẹ̀ ikùn òun lápá ọ̀tún ń gún òun, òyì sì ń kọ́ òun tí òun bá dìde. Ó ní kí ló fà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dúró lórí mi, mo tẹ ìwé náà sínú omi, mo rún un títí ó fi yọ́, mo sì dà á nù.

Ẹ má bi mí pé ta ló kọ ọ́. N kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ohun tí iṣẹ́ mi dúró lé lórí nìyẹn.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ gbé Olùkọ́ wá, ẹnu ṣíṣí ló di ìṣòro láàárín àwa obìnrin mọ́kànlélógójì tó ń sá ewé òkun ní Òkè-Omi, erékùṣù onírin yìí tó wà lójú òkun. Olùkọ́ ni ẹ̀rọ tó ń kọ́ wa ní Ẹ̀kọ́ Ara ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán: bí nǹkan oṣù ṣe ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń dènà oyún, àrùn tí ọkùnrin lè kó ran obìnrin, bí a ṣe ń fi ọwọ́ tẹ ọyàn wò. Ẹ̀kọ́ náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kọ́ mi ní ohun tí ìyá mi kò kọ́ mi, tí ọkọ mi kò sì mọ̀ títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n òfin sọ pé ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè ìbéèrè níbẹ̀, wọn kò ní kà á. Obìnrin tí wọn kò bá sì ka ẹ̀kọ́ mẹ́ta fún, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ti kú nìyẹn. Kí o tó béèrè, o ní láti fi bọ́tìnì ìdánimọ̀ tí wọ́n fi okùn kọ́ ọ lọ́rùn kan ẹnu Olùkọ́, kí ó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ó sì kọ ìbéèrè náà sí orúkọ rẹ.

Ìyẹn ni kò tẹ́ wa lọ́rùn. Obìnrin tó bá béèrè ohun tó ń mú ojú ara yún, ta ni kò mọ̀ pé òun gan-an ló ń yún? Èyí tó bá sì béèrè ọ̀rọ̀ oyún, ọkọ̀ ọjọ́ Ajé ni yóò gbé e padà sí ilẹ̀. Òfin Ìpadàsílé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní nítorí àlàáfíà ìyá àti ọmọ ni. Ẹni tí òfin yẹn bá gbé lọ kì í padà wá mọ́, a kò sì tíì rí ẹni tó kọ lẹ́tà pé òun wà ní àlàáfíà.

Ọyáwálé ló rí ọgbọ́n dá sí i. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, òun ni olórí ilé wa, kò sì sí ohun tí kì í fura sí. Tí wọ́n bá fi ẹran kún ọbẹ̀ wa, á ní kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa. Ó ní nílé, tí ọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ bá a? Alárinà ló ń rán. Kí ló wá dé tí àwa náà kò fi lè ní alárinà tí yóò máa bá wa gbé ọ̀rọ̀ ikùn wa dé ọ̀dọ̀ Olùkọ́? Gbogbo ojú bá yí sí mi. Èmi Rálíátù, ìyá Múfútáù, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn. Kí ni Olùkọ́ fẹ́ rí mú lára tèmi?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di alárinà. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á kọ ọ́, á fi sínú bàtà òsì mi, èmi á sì bi Olùkọ́ ní orúkọ ara mi. Láàárín ọdún méjì, ìwé ara mi lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ti di ohun ẹ̀rín. Ara mi ti yún, omi aláwọ̀ mẹ́ta ti dà lára mi, nǹkan oṣù mi ti dúró ó sì tún ti padà lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan ṣoṣo. Mo ti gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, mo tún ti béèrè bí èèyàn ṣe ń tètè lóyún lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ kò fìgbà kankan sọ pé Ìyá, báwo ni tiyín ṣe jẹ́. Ó kàn ń dáhùn ni. Nígbà mìíràn, ìyẹn gan-an ló máa ń bà mí lẹ́rù.

Mo sì ní ohun tí mo ń ṣọ́. Ọdún méje ni òfin ní kí àjèjì fi ṣiṣẹ́ kí ó tó gba ìwé onílùú. Mo ti lo ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́sàn-án. Tí mo bá gba ìwé náà, Múfútáù lè kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta kúrò nílé, níbi tí kànga wọn ti gbẹ láti ọdún tó kọjá, kí wọ́n wá bá mi níbi tí omi wà. Oṣù mẹ́ta péré ló kù.

Gbọ̀ngàn ìjẹun ni a ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu Olùkọ́ wà lára ògiri, àwọ̀n irin róbótó kan, kò sì ní ojú. Òfin ló yọ ojú rẹ̀ lẹ́yìn tí àwòrán ara àwọn obìnrin kan jáde síta ní erékùṣù mìíràn. Bọ́tìnì nìkan ni gbogbo ẹ̀rọ ibí fi ń mọ̀ wá. Yorùbá rẹ̀ mọ́ tónítóní, Yorùbá ẹni tó ń ka ìròyìn, èèyàn kò sì lè sọ ìlú tó ti wá. Ó kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó pè wá ní òṣìṣẹ́bìnrin ọ̀wọ́n, ó sì kọ́ wa nípa abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta. Nígbà tó parí, ó ní ta ló ní ìbéèrè. Mo dìde, mo fi bọ́tìnì mi kàn án, mo sì ka ìbéèrè inú bàtà fún un bí ẹni pé tèmi ni.

Tẹ́lẹ̀, kí n tó pa ẹnu dé ni Olùkọ́ á ti máa dáhùn. Lọ́jọ́ yìí, ó dákẹ́. Mo gbọ́ bí ẹnì kan ṣe gbé ṣíbí kalẹ̀ lẹ́yìn mi.

“Ìyá Múfútáù,” ó ní, “ṣé èjìká ń dùn yín?”

Láti ọdún méjì, kò bi mí ní ohun kan rí. Mo ní n kò tíì kíyè sí i.

“Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oyún tó dúró sí ibi tí kò yẹ,” Olùkọ́ sọ. “Kò sí nínú ilé ọmọ. Ojú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wá ló dúró sí, kò sì lè di ọmọ láéláé. Tí ojú ọ̀nà náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú ikùn, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, obìnrin náà sì lè kú kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Kí ó máa bọ̀ ní ilé ìtọ́jú nísinsìnyí. N kò lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Àfi tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, tí bọ́tìnì kan ilẹ̀kùn, ni mo tó lè pe ọkọ̀ ìwòsàn.”

Obìnrin náà, ó ní. Èmi ni mo béèrè, èmi ni mo dúró níwájú rẹ̀, kò sì sọ pé ẹ̀yin. Mo dúpẹ́, mo ní mo ti gbọ́, mo sì padà lọ jókòó pẹ̀lú ìtìjú ẹni tí wọ́n ká ohun kan mọ́ lọ́wọ́.

A jáde sí ibi pẹpẹ tí a ń sá ewé lé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí etí ògiri kò lè gbọ́ wa. Ọyáwálé kó wa jọ. Ó fara ti irin ìdábùú, ó sì ń rọra sọ̀rọ̀. Ó ní ọdún méjì ni ẹ̀rọ yìí fi dáhùn láì béèrè. Ó ní kí ló dé tó fi jẹ́ òní, tó fi jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ oyún, ni òun náà wá di ẹni tó ń béèrè? Ó rán wa létí àwọn obìnrin Òkè-Omi Kejì. Ilé-iṣẹ́ pè wọ́n jọ pé kí wọ́n wá yẹ ọyàn wọn wò, mọ́kànlá nínú wọn sì wà nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.

“Pakuté ni,” ó ní. “Wọ́n ti mọ̀ pé kì í ṣe Ìyá Múfú ló ni ìbéèrè. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ni ín fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú àwọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ.”

Gbogbo wọn mi orí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, èmi náà mi orí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí i lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ yẹn sọ nípa ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ikùn kò kúrò létí mi, nítorí mo rí i rí. Adélé, àbúrò ọkọ mi obìnrin, ló kú bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ó ń gún iyán, ní ìrọ̀lẹ́ a ń wẹ òkú rẹ̀. Àwọn èèyàn wa ní wọ́n fi nǹkan pa á ni, a sì bá obìnrin àdúgbò kan ṣọ̀tá fún ọdún mẹ́sàn-án lórí rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́. Mo ní kí ẹni tó kọ ìwé àárọ̀ kọ òmíràn, kí ó sọ fún mi bóyá èjìká ń dùn ún, kí ó fi sínú bàtà mi kí agogo kejì tó lù, n kò ní wo ẹ̀yìn. Mo bọ́ bàtà méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà, mo sì rìn lórí irin gbígbóná náà láìsí bàtà, tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń ta mí. Nígbà tí mo padà dé, bàtà òsì ṣófo. Mo ki ọwọ́ sí ọ̀tún pẹ̀lú, bóyá ó ṣì í fi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sán nìyẹn, tí olúkúlùkù ń wo ikùn ẹnì kejì rẹ̀. Èmi gan-an ni mo burú jù. Sàlámátù kò jẹun ọ̀sán, mo sì gbé ojú lé e títí mo fi rántí pé ó ń gba ààwẹ̀. Débórà di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, mo ní òun ni, àṣé eyín ló ń dùn ún. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, mo fura sí i. Ẹnì kan kò rẹ́rìn-ín, mo tún fura sí i. Láàárín wákàtí kan, n kò rí ọ̀rẹ́ kankan mọ́ nínú ogójì obìnrin, olè nìkan ni mo ń rí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni jí.

Lẹ́yìn náà ni mo rí Ọyáwálé. Èjìká ọ̀tún ló máa ń fi ru apẹ̀rẹ̀ ewé tútù, kò sì sí obìnrin tó lè bá a du ẹrù rírù ní Òkè-Omi. Òsì ló fi gbé e lọ́sàn-án yẹn. Nígbà tó yá, ó gbé e sí ìbàdí. Lẹ́yìn náà, ó gbé e kalẹ̀, ó di irin mú, ojú rẹ̀ sì funfun bí eérú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé kò sí ẹni tó ń wo òun, ó sì rọra gba ọ̀nà balùwẹ̀ lọ.

Mo tẹ̀ lé e. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé iwájú orí lé ògiri tútù, ọwọ́ rẹ̀ kan wà níkùn, èkejì di èjìká ọ̀tún mú. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, kò sì yíjú.

“Ìyá Múfú,” ó ní, “ṣé ẹ̀yin ni wọ́n rán sí mi?”

Inú bí mi. Mo bi í pé àwọn ta ni yóò rán mi, àti pé kí ló mú un dúró níwájú wa tó ń pariwo pakuté, nígbà tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ikùn òun ni à ń sọ. Mo ní ṣé ó fẹ́ kú nítorí kó má baà sọ pé òun ṣì í ni? Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá dá mi lóhùn pé òun kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, pé ohun tó wà lọ́kàn òun ni òun sọ.

“Ìrora yìí, òótọ́ ni,” ó ní. “Pakuté náà, òótọ́ ni. Èwo ni kí n sá fún?”

Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná, ó sì wá bẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀wò, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn. Ọmọ wọn méjì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ti lo ọdún márùn-ún àtààbọ̀ níbí, òun náà ń ka tirẹ̀. Ó ní tí èmi bá máa gbé òun lọ, kí n kọ́kọ́ búra pé n kò ní dárúkọ òun. Ó ní tí n kò bá lè búra, kí n fi òun sílẹ̀ síbẹ̀, kí n sì ti ilẹ̀kùn. Bó ṣe ń sọ ọ́, ètè rẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mo ro ó láti padà sídìí pẹpẹ mi. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú okùn bọ́tìnì mi ní ìka, mo rí Múfútáù níwájú mi, mo rí àwọn ọmọ rẹ̀ tí n kò tíì fojú kàn rí, èyí àgbà, èyí àárín, èyí tí wọ́n sọ ní Àwáwù tí wọ́n ní ó jọ mí. Mo bínú sí Ọyáwálé débi pé mo fẹ́ kígbe. Ta ló sọ fún un pé kó kọ ìbéèrè? Lẹ́yìn náà, ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì mí kúkúrú kúkúrú bí Adélé ṣe mí, mo sì rí i pé mo ti bọ́ okùn náà kúrò lọ́rùn mi.

Mo so tèmi mọ́ ọn lọ́rùn, mo so tirẹ̀ mọ́ ara mi. Ó ní kí ni mo ń ṣe. Mo ní kí ó dákẹ́, pé láti ìsinsìnyí, òun ni Rálíátù.

Ilé ìtọ́jú wà ní òdì kejì ibi pẹpẹ. Mo gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, mo sì wọ́ ọ gba àárín gbogbo wọn kọjá. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí a ṣe ń bọ̀, Sàlámátù rí wa, ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa. Èkejì rẹ̀ yí ẹ̀yìn. Lẹ́sẹẹsẹ ni wọ́n ń yí padà sí ewé tí wọ́n ń sá, títí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ni mo ń rí, kí ó baà lè jẹ́ pé tí wọ́n bá bi wọ́n, wọn kò rí nǹkan kan. N kò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni mo rí lọ́jọ́ náà tàbí ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n ó gbà wá.

Ohùn Olùkọ́ ló wà lára ilẹ̀kùn ilé ìtọ́jú pẹ̀lú. Mo fi bọ́tìnì ọrùn Ọyáwálé kan irin. Olùkọ́ ní ta ni. Mo ní Rálíátù ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ní kí a sọ ọjọ́ orí. Mo ní ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rántí ohun kan: irú ẹ̀jẹ̀ tèmi ló wà nínú ìwé, ikùn ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ là. Mo bi Olùkọ́ bóyá wọ́n máa ń tún ẹ̀jẹ̀ èèyàn yẹ̀ wò kí wọ́n tó fi òmíràn sí i, tàbí ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Olùkọ́ dákẹ́. Ìdákẹ́ náà pẹ́ ju ti ọ̀sán lọ. Mo rò pé ó ti parí.

“A máa ń tún un yẹ̀ wò,” ó ní, “ẹnikẹ́ni tó wù kí ó jẹ́. Ọkọ̀ ti gbéra. Ẹ má jẹ́ kí ó mu omi.”

Ọkọ̀ funfun kan dé, kò sí èèyàn kan nínú rẹ̀. Apá irin méjì nà jáde, wọ́n ka bọ́tìnì, wọ́n gbé e sórí ibùsùn, wọ́n sì fà á wọlé. Wọn kò béèrè ìdí tí irun obìnrin ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta fi dúdú kirimú. Ojú Ọyáwálé wà lára mi títí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fi pa dé. Kò wò mí bí ẹni tí wọ́n gbà là.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi jẹ́ Ọyáwálé. Mo ru apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi fẹ́ kán. Níbi tí ògiri bá ti ní etí, àwọn obìnrin ń fi orúkọ rẹ̀ pè mí, wọn kì í sì í kí mi bí àgbà, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń pa wá lẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Ìwé kan kò wọ inú bàtà mi mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, nígbà tí Olùkọ́ ní ta ló ní ìbéèrè, kò sí ẹni tó mira. Mo dìde, mo fi bọ́tìnì Ọyáwálé kàn án, mo sì béèrè oúnjẹ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sára. Ó dárúkọ ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀ ẹran, tẹ̀tẹ̀. Mo ti fẹ́ jókòó nígbà tó fi kún un.

“Ara ẹni tí ẹ ń béèrè fún ti ń yá,” ó ní. “Ó mu ọbẹ̀ láàárọ̀ yìí.”

Ó mọ̀. Bóyá láti ọdún méjì ló ti mọ̀, tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí orúkọ mi, tó sì ń gbọ́ wa. Ohun tí n kò mọ̀ títí di òní ni ẹni tó ń bá ṣiṣẹ́, bóyá àwa ni tàbí ilé-iṣẹ́. Tí ó bá fẹ́ràn wa, kí ló dé tí kò sọ? Tí ó bá kórìíra wa, kí ló tún ń dúró dè?

Ọyáwálé padà ní ọjọ́ Àìkú, ó rù, wọ́n fi aṣọ ọgbẹ́ di ikùn rẹ̀. A pàrọ̀ bọ́tìnì nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi lórí irin, ó di orúnkún mi mú, ó sunkún, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú sókè, ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ni ilé-iṣẹ́ ṣèlérí fún mi. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ìfura yẹn kan náà ló dá ààbò bò wá fún ọdún méjì, ibo ni mo fẹ́ kó gbé e sí? Mo ní kí ó dìde, kí ó má fi ara fa ojú ọgbẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwé ìpadàsílé mi ti dé èbúté kí èmi tó dé ibẹ̀. Fáníyì, ọ̀gá èbúté, ló ń lu òǹtẹ̀ fún àwọn tó ń lọ. Èèyàn ni, ó ní ojú. Ó ka ìwé náà, ó wo irun mi, ó tún un kà. Mo bi í pé oyún tí wọ́n ti yọ, ṣé òfin ṣì mọ̀ ọ́n ni? Ó ní òfin kò béèrè ibi tó dúró sí tàbí bó ṣe parí, pé tí obìnrin bá ti lóyún, ó ti lóyún. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó fà mí sún mọ́ tábìlì rẹ̀.

“Ìyá, ẹ tó ìyá tó bí mi,” ó ní. “Ẹ dárúkọ kan ṣoṣo fún mi. Màá fagi lé tiyín, ẹ ó sì lo oṣù mẹ́ta yín pé.”

Mo wo ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin wa ń sá ewé lẹ́yìn wáyà, Ọyáwálé wà láàárín wọn, òun náà yí ẹ̀yìn sí mi. Bóyá ìtìjú ni, bóyá ó ń retí pé kí n dárúkọ òun. Mo ronú kan Àwáwù tó jọ mí.

Mo bi Fáníyì pé ta ló kọ ohun tó wà nínú ìwé. Ó ní Olùkọ́ ni. Mo ní ṣé Olùkọ́ máa ń purọ́ ni? Ìwé ọ̀pọ̀ obìnrin wà nínú àpótí ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo wọn ló sì lu òǹtẹ̀ sí lórí ọ̀rọ̀ Olùkọ́; tó bá pe èyí ní irọ́, gbogbo ìyẹn náà di irọ́. Lẹ́yìn náà, ó lu òǹtẹ̀ sí tèmi.

Mo gbé ẹrù mi. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo fi ọwọ́ kan gbá ikùn mi mú, mo sì na èkejì sí i.

“Ẹ bá mi di ọwọ́ mú, ọ̀gá,” mo ní. “Ó yẹ kí èèyàn máa rọra tí ó bá wà nírú ipò tí mo wà yìí.”

Ó dorí kodò, ṣùgbọ́n ó dìde, ó sì dì mí lọ́wọ́ mú wọ inú ọkọ̀.